Àtẹ̀jíṣẹ́ Tí Ó Gé Láàárín Ọ̀rọ̀

Òórùn ọsàn tí ó ń jẹrà ló máa ń kọ́kọ́ ta sí mi nímú bí mo bá rántí ọdún tí ìjọba ti bodè pa. Ọsàn so wọ̀ǹtìwọnti lọ́nà Ìdógò lọ́dún náà, àfi bí ẹni pé àwọn igi kò gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àwọn oníbàárà tí ó máa ń wá kó o láti Àjàṣẹ́ ní òdìkejì bodè kò lè kọjá mọ́, àwọn àgbẹ̀ sì kó o jọ gègèrè sí ẹ̀bá ọ̀nà títí tí ó fi rọ̀, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Bí ọ̀kadà bá gbé mi kọjá láàárọ̀, eruku ọyẹ́ àti òórùn dídùn tí ó ti kan yẹn á wọ inú ìborùn mi, á sì bá mi dé ẹnu iṣẹ́. O mọ bí ìlú ṣe máa ń rí nígbà tí ọjà kò bá tà. Àwọn ènìyàn kì í pariwo. Wọ́n kàn ń jókòó síta, wọ́n ń wo ọ̀nà.

Ilé ìwòsàn kékeré kan tí ìjọ kan dá sílẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ìkọjá Ìdógò, níbi tí ọ̀nà ti ń dorí kọ bodè. Kò tíì pẹ́ tí mo jáde ní pólì. Iṣẹ́ mi ni láti máa tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà: èyí tí ó wà níbi tí wọ́n ti ń gba orúkọ, èyí tí ó wà ní yàrá àyẹ̀wò, èyí tí ó wà níbi oògùn, àti ọ̀kan gbòógì tí ó dá wà nínú yàrá tóóró kan lẹ́yìn ọ́fíìsì dókítà, tí gbogbo àwọn yòókù ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ọ̀kan gbòógì yìí ni dátábéèsì wà, ìyẹn ètò tí ń kó orúkọ aláìsàn, àìsàn rẹ̀ àti oògùn rẹ̀ pamọ́, tí ó sì ń fi wọ́n lé ẹni tí ó bá béèrè lọ́nà tí ó tọ́ lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn yàrá náà. Ó tutù, kò sí ẹni tí ń sunkún níbẹ̀, mo sì gbà nígbà náà pé ohun tí a bá kó sí ibẹ̀ ti wọ àpótí tí ó ní kọ́kọ́rọ́.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí. Ọmọ àgbẹ̀ ni, Mùsùlùmí ni, láti abúlé kan tí kò jìnnà sí wa, ọwọ́ rẹ̀ sì ni àwọn tí ń gba oògùn HIV wà. Bí o bá jókòó síbi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, o kò lè mọ ẹni tí ó wá fún oògùn yẹn. Àǹtí á kàn yọjú lẹ́nu ọ̀nà, á pe ẹni náà bí ẹni pé ó fẹ́ rán an níṣẹ́: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi gbá nǹkan yìí mú." Inú ike fítámì àtijọ́ ló ń da oògùn náà sí, á sì ki òwú sí i lẹ́nu kí ó má baà máa ró nínú báàgì. Mo bi í nígbà kan pé ta ló kọ́ ọ ní ti òwú yẹn. Ó ní kò sí ẹni tí ó kọ́ òun. Ó ní òun jókòó ti obìnrin kan rí nínú ọkọ̀, tí oògùn ń ró nínú báàgì rẹ̀, òun sì rí bí ojú rẹ̀ ṣe ń yí padà ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò.

Nígbà tí wọ́n ti bodè, ọ̀nà wa kún fún ṣọ́jà àti kọ́sítọ́ọ̀mù. Wọ́n tún pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé epo wá sí àwọn ìlú tí ó sún mọ́ bodè mọ́, wọ́n ní ńṣe ni à ń kó o sọdá. Àwọn ilé epo di ibi tí ewúrẹ́ ń sùn sí. Owó ọ̀kadà fò sókè, ẹni tí ó bá sì wá ṣe àyẹ̀wò lónìí kì í lè padà wá gba èsì. Dókítà tí ó jẹ́ ọ̀gá wa jẹ́ aláàánú ènìyàn, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ kí ohunkóhun ba orúkọ ilé ìwòsàn náà jẹ́. Ó bá ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré kan ní Èkó sọ̀rọ̀, wọ́n sì wá fi ètò kan sí i tí yóò máa mú èsì àyẹ̀wò láti inú dátábéèsì, tí yóò sì fi í ránṣẹ́ sórí fóònù aláìsàn. Inú gbogbo wa dùn. Bàbá àgbẹ̀ kan tilẹ̀ gbé ọsàn wá kí wa nítorí pé èsì rẹ̀ bá a nínú oko. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ pé àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń ní ìdọ̀tí nídìí: àmì ìbéèrè, nọ́ḿbà, lẹ́tà tí kò ní ìtumọ̀. Ẹnì kan láti òdìkejì bodè dá èsì padà ní Faransé, "C'est qui, ça?", ìyẹn ni pé ta nìyí. Àwọn ará Èkó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Nǹkan bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà tí ó fi rọrùn láti gbà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Obìnrin kan wà tí ó jẹ́ tíṣà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìhunbọ̀. Ọ̀nà jíjìn ló ń gbà wá sọ́dọ̀ wa, ó ń fo ilé ìwòsàn tí ó wà nítòsí rẹ̀ kọjá, nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n níhìn-ín. Ọkọ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà ní Àjàṣẹ́, ó sì máa ń wálé lópin ọ̀sẹ̀ kí bodè tó tì. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ní kòkòrò náà lára, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ mọ̀. Wọ́n ti fi ẹnu kò pé ọ̀rọ̀ náà kò ní kọjá àárín àwọn àti Àǹtí. Ara obìnrin náà dá ṣáká. Bí ó bá ń dúró de ẹni tí yóò dá a lóhùn, á kó ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lé itan, á máa máàkì wọn, á máa rẹ́rìn-ín sí ohun tí wọ́n kọ. Agbo ilé àwọn àna rẹ̀ ló ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ kékeré. Bodè ti há ọkọ mọ́ òdìkejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọlé láìkí ẹnikẹ́ni, èyí tí kì í ṣe ìwà rẹ̀. Aṣọ ilé ló wà lára rẹ̀, ó pọn ọmọ, kò sì mú báàgì kankan dání. Ó lọ tààrà bá Àǹtí níwájú gbogbo àwọn tí ó jókòó.

"Àǹtí, kí ni mo fi ṣe yín?"

Àǹtí dìde. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún láyé yìí. Wọ́n ti kó ẹrù mi síta. Ìyá ọkọ mi ń fi igi ti abọ́ tí mo fi jẹun."

Kò pariwo rárá. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń sọ ọ́, bí ẹni tí ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún ọmọ tí kò tètè gbọ́ nǹkan, ìyẹn gan-an ló sì mú kí gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Àǹtí fẹ́ fà á lọ́wọ́ wọ yàrá, obìnrin náà já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Àǹtí ní, "Kò ti ẹnu mi jáde. Mo fi Ọlọ́run tí ó dá mi búra, kò ti ẹnu mi jáde." Àwọn aláìsàn ń wo ilẹ̀. Ó hàn sí mi pé kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó gbà á gbọ́, mo sì rí i pé Àǹtí náà mọ̀.

Ìgbà yẹn ni dókítà jáde. Ó gbọ́ díẹ̀, ó ti tó o. Ó na ọwọ́ sí Àǹtí níbẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, ó ní, "Ẹ kó kọ́kọ́rọ́ yàrá oògùn fún mi. Ẹ lọ sinmi nílé ná, títí a ó fi wádìí." Àǹtí wò ó. "Dókítà, ẹ̀yin náà gbà pé èmi ni?" Dókítà ní, "Ta ni kí n wá pè é, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀?" Àǹtí tú kọ́kọ́rọ́ kúrò nídìí ìró rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́. Ohun tí ó sọ kẹ́yìn kí ó tó lọ ni pé ọkùnrin arúgbó kan ń bọ̀ lọ́sàn-án, pé kí wọ́n má pè é lórúkọ síta.

Mo bá tíṣà náà lábẹ́ igi ní ẹ̀yìn ilé, níbi tí ó ti ń fún ọmọ lọ́mú. Mo bi í pé ta ló sọ fún àwọn àna rẹ̀. Ó ní, "Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn. Wọ́n kà á ni." Ó fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló wá ṣe àyẹ̀wò ibà lọ́dọ̀ wa, èsì rẹ̀ lọ bá a lórí fóònù, àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà sì ni ẹnì kan nínú agbo ilé fi ránṣẹ́ sí tíṣà náà pẹ̀lú èébú lókè rẹ̀. Mo kà á. Ibà wà lára àbúrò ọkọ, ẹ lo oògùn báyìí báyìí. Lẹ́yìn náà, àmì ìbéèrè mélòó kan. Lẹ́yìn náà, orúkọ tíṣà náà, Ìhunbọ̀, HIV, àti orúkọ oògùn tí ó ń lò, tí kò parí. Ó gé sí àárín ọ̀rọ̀, lẹ́yìn lẹ́tà kẹrin.

Mo tún un kà. Ẹni tí ń ṣòfófó kì í gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí àárín. Á sọ ọ́ parí, á tún fi tirẹ̀ kún un.

"Tíṣà, kì í ṣe Àǹtí."

"Ta wá ni?"

"Ẹ̀rọ ni. Kọ̀ǹpútà wa ni."

Ó wò mí. "Ta ló ni ẹ̀rọ náà?"

Igun kan ṣoṣo ló kù nínú ọgbà wa tí fóònù ti lè gbé ohùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi. Ibẹ̀ ni mo ti pe ẹ̀gbọ́n kan ní Èkó tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó parí ìwé. Mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà fún un, mo yọ orúkọ kúrò. Ó ní, "Ètò tuntun tí wọ́n fi sí i yẹn, ṣé ó máa ń fún ọ̀rọ̀ pọ̀ kí ó lè kéré, kí ó tó fi ránṣẹ́ sí dátábéèsì?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ní kí ó lè yá lórí wáyà wa ni. Ó mí kanlẹ̀.

Ó ṣàlàyé fún mi pé kọ̀ǹpútà ní iyè, ibi tí ó ń kọ ohun tí ó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Bí ó bá parí ti ẹnì kan, kì í nù ún kúrò. Ńṣe ló máa ń kọ ti ẹlòmíràn lé e. Bí ó bá jẹ́ ìwọ̀n tí ó kọ gan-an ló ń kà jáde, kò sí wàhálà. Àléébù tí ó wà nínú irú dátábéèsì tiwa ni pé bí ẹnì kan bá fún ọ̀rọ̀ pọ̀ ránṣẹ́ sí i, tí ó sì sọ pé bí o bá tú u yóò gùn tó báyìí, ó máa ń gbà á gbọ́ láìwọ̀n ọ́n.

"Rántí sìléètì," ni ẹ̀gbọ́n wí. "O kọ ìlà kan. Tíṣà ní kí o ka ìlà mẹ́ta. Ìlà méjì tí o kà lé tìrẹ, ta ló kọ ọ́?"

"Ẹni tí ó lo sìléètì náà ṣáájú mi."

"Ó parí. Ètò àwọn ará Èkó yẹn ń pa irọ́ ìwọ̀n láìmọ̀, dátábéèsì yín sì ń gbà á gbọ́. Ẹni burúkú tún lè mọ̀ọ́mọ̀ pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀, kí ó máa fa ohun tí ó wà nínú iyè rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, orúkọ ni o, páásíwọ́ọ̀dù ni o."

Ó wá sọ ohun tí n ó ṣe. Lónìí, kí n pa fífún ọ̀rọ̀ pọ̀ yẹn, kí n sì dí ojú ọ̀nà tí ará ìta lè gbà bá dátábéèsì náà sọ̀rọ̀. Ó ní ìyẹn kò wo ọgbẹ́ náà sàn, ẹ̀jẹ̀ ló dá dúró. Àwọn tí ó ṣe dátábéèsì ti gbé ẹ̀dà tuntun jáde, tí ó ń fúnra rẹ̀ wọn ọ̀rọ̀, tí ó sì ń kọ̀ bí ìwọ̀n kò bá bára mu. Òun ni kí n fi rọ́pò ti àtijọ́. Lẹ́yìn èyí kí n pààrọ̀ gbogbo páásíwọ́ọ̀dù, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó ti jáde. Fóònù já kí n tó dúpẹ́.

Mo ṣe ti ọjọ́ náà lójú ẹsẹ̀, mo sì dá àtẹ̀jíṣẹ́ dúró pátápátá. Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá dókítà. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi ọwọ́ ra ojú.

"Ṣé a lè tún un ṣe láìpariwo?"

"A lè tún ẹ̀rọ ṣe, sà."

"Ohun tí mo béèrè nìyẹn."

"Àǹtí ńkọ́, sà?"

"Jẹ́ kí a kọ́kọ́ tún un ṣe ná."

Ẹ̀dà tuntun náà tóbi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa kò sì lè gbé e. Òpó tí ó ń gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún wa ti ń kú díẹ̀díẹ̀ nítorí kò sí dísẹ́ẹ̀lì. Mo gbéra lọ sí Ìlaró, mo jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù àwọn atẹ̀wé kan lẹ́bàá ọ̀nà pólì títí ó fi wọlé tán, mo sì fi í sórí fíláàṣì. Nígbà tí à ń bọ̀, àwọn ṣọ́jà dá wa dúró. Ọ̀kan tú báàgì mi, ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká mi mì, bóyá ó rò pé epo wà nínú rẹ̀. Ó bi mí pé kí ló wà nínú fíláàṣì. Mo ní oògùn kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó dá a padà fún mi. Bàbá kan tí ó gbé jálá epo kékeré kan sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kò rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà. Wọ́n da epo náà sórí iyanrìn lójú rẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀, kò ṣépè. Ó kàn dúró, ó ń wo bí ilẹ̀ ṣe ń mu ún.

Wàhálà tí ó kù ni iná. Kò sí iná ìjọba, táǹkì jẹnẹrétọ̀ wa sì ti gbẹ. Bátìrì tí ó gbé kọ̀ǹpútà gbòógì náà dúró kò lè pẹ́, bí iná bá sì lọ nígbà tí a bá yọ ti àtijọ́ tí tuntun kò tíì jókòó, gbogbo orúkọ àti ìtọ́jú àwọn aláìsàn lè bá a lọ. Mo ń rò ó níta nígbà tí awakọ̀ tírélà kan wá kí mi. Sìmẹ́ńtì ló kó láti Ìbèṣè, Kútọnu ló ń gbé e lọ kí bodè tó tì mọ́ ọn lójú, láti ìgbà náà ló sì ti páàkì sí òdìkejì ọ̀nà wa, tí ó ń sùn sábẹ́ ọkọ̀. Àǹtí ló tọ́jú rẹ̀ nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀. Ó ní, "Mi ò rí Àǹtí láti ìjẹta." Mo sọ fún un pé wọ́n fẹ̀sùn kàn án, pé kì í ṣe òun ló jẹ̀bi, àti pé ẹ̀rọ tí ó jẹ̀bi wà níbẹ̀ tí a kò rí dísẹ́ẹ̀lì fi tún un ṣe. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó lọ mú rọ́bà àti kẹ́ẹ̀gì, ó fi ẹnu fa dísẹ́ẹ̀lì láti inú ọkọ̀ rẹ̀, ó tutọ́, ó gbé e wá.

"Ti Àǹtí ni o," ni ó wí. "Kì í ṣe ti dókítà yín."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni mo ṣe é. Mo kọ́kọ́ da gbogbo ohun tí ó wà nínú dátábéèsì náà kọ sí orí dísíkì mìíràn, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣeé kà, kí n má baà ní ẹ̀dà tí kò wúlò lọ́wọ́. Mo dá dátábéèsì dúró, mo yọ ti àtijọ́, mo fi tuntun síbẹ̀, mo jí i padà. Mo pààrọ̀ gbogbo páásíwọ́ọ̀dù. Kí n tó ṣe gbogbo èyí ni mo ti dán ti àtijọ́ wò lọ́nà tí ẹ̀gbọ́n kọ́ mi: mo tan fífún ọ̀rọ̀ pọ̀ fún ìṣẹ́jú kan, mo fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́, mo sì purọ́ pé ó gùn. Ó kó orúkọ ènìyàn fún mi, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, àwọn ènìyàn tí mo mọ̀ lójú. Nígbà tí mo pa irọ́ kan náà fún tuntun, ìlà kan ṣoṣo ló fi dá mi lóhùn: ìwọ̀n kò bára mu, mi ò gbà á. Mo jókòó, mo ń wo ìlà náà. Mo ti rò pé inú mi yóò dùn. Ohun tí mo ń gbọ́ ni jẹnẹrétọ̀ tí ń mu dísẹ́ẹ̀lì àlejò níta.

Àǹtí dé lọ́jọ́ kejì nígbà tí dókítà ránṣẹ́ pè é. Mo wà níbẹ̀ láti ṣàlàyé. Dókítà ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó dìde, ó tọrọ àforíjì, mo sì rí i pé ó dùn ún dénú. Àǹtí gbọ́ ọ tán.

"Níta lẹ ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, sà."

Dókítà wo ilẹ̀kùn. Mo rò pé yóò ṣí i. Kò ṣí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ìjọ, nípa orúkọ ilé ìwòsàn, pé bí ìlú bá gbọ́, ta ni yóò tún wá gba oògùn. Àǹtí kò bá a jiyàn. Èmi ló kọjú sí, ó bi mí pé àwọn mìíràn mélòó ni ẹ̀rọ náà ti sọ ọ̀rọ̀ wọn jáde. Mo ní mo ti wo àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó jáde, wọ́n pọ̀ ju ẹnì kan lọ, orúkọ àwọn mìíràn ló jáde nìkan, ti àwọn kan jáde pẹ̀lú àìsàn wọn.

"Ta ló máa sọ fún wọn?"

Àǹtí yíjú padà sí dókítà.

"Dókítà, bí ẹ kò bá sọ fún wọn, ẹnu àna wọn ni wọn yóò ti gbọ́ ọ."

Dókítà jókòó. Ó mi orí pé òun gbà. Báyìí ni Àǹtí, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa mọ́ lọ́kàn tirẹ̀, ṣe gbé àga lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi, tí mo jókòó tì í, tí mo ń pe nọ́ḿbà fún un. Gbólóhùn kan náà ló fi ń bẹ̀rẹ̀ fún olúkúlùkù: "Àǹtí ilé ìwòsàn ni o. Ẹ wá ibi tí ẹ̀yin nìkan wà ná, n ó dúró." Á dúró lóòótọ́. Á gbọ́ ìró ilẹ̀kùn, ìró bàtà, á wá sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: pé ẹ̀rọ wa ṣe àṣìṣe, pé orúkọ yín lè ti dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, pé a ti dí i, pé ẹ má tìtorí èyí fi oògùn sílẹ̀. Ọkùnrin kan bú u títí tí fóònù rẹ̀ fi kú. Ìyá arúgbó kan ń tù ú nínú. Obìnrin kan kò sọ nǹkan kan, a kàn ń gbọ́ èémí rẹ̀, Àǹtí sì mú fóònù sétí bẹ́ẹ̀ títí obìnrin náà fi ní, "Ẹ ṣeun," tí ó sì pa á.

Tíṣà ni Àǹtí pè kẹ́yìn. Ó ti wà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Ọ̀nà inú igbó ló gbà, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ forí jì mí. Mo dójú tì yín níwájú ènìyàn."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Oògùn mélòó ló kù lọ́wọ́ yín?"

Díẹ̀ ló kù. Àǹtí ní kí ó wá ilé ìwòsàn lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, kí ó fi ike oògùn hàn wọ́n, kí ó má jẹ́ kí ó dá. Tíṣà ní òun yóò gbìyànjú. Lẹ́yìn náà ló bi wá, bí ẹni tí kò retí èsì, bóyá a mọ̀ bí wọ́n bá ti rí ẹni fi sí kíláàsì òun. A kò mọ̀.

Àǹtí dìde, ó dá àga padà síbi tí ó ti gbé e, ó kí mi pé ó dàárọ̀, bí ó ṣe máa ń kí mi lójoojúmọ́. Kò padà wá mọ́. Mo gbọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ayétòrò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláìsàn rẹ̀ kò tún wá sọ́dọ̀ wa mọ́, mo sì ń gbàdúrà pé Ayétòrò ni wọ́n bá a lọ.

Wọ́n ṣí bodè nígbà tí ó yá. Mo lọ sí ìsìnkú kan ní Ìhunbọ̀ lẹ́yìn èyí, mo sì bá àbúrò ọkọ tíṣà náà pàdé nídìí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń bó. Ó dá mi mọ̀. Mo ti múra láti kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọdébìnrin tí ó rù ni, tí oyún ti hàn lára rẹ̀. Ó sọ fún mi láìjẹ́ pé mo béèrè pé òun kò mọ ohun tí orúkọ oògùn yẹn jẹ́. Ó ní orúkọ ìyàwó wọn ni òun rí, òun rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣèèṣì rán sí òun, ni òun bá gbé fóònù fún ìyá òun pé kí wọ́n bá òun fún un. Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé ẹ ti tún un ṣe?"

Mo ní a ti tún un ṣe. Ó mi orí, ó mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ.

Abẹ́òkúta ni mo wà báyìí, mo sì ti di ẹni tí àwọn mìíràn ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Bí ìròyìn irú àléébù bẹ́ẹ̀ bá jáde, mi ò kì í jẹ́ kí ó di ọ̀la. Wọ́n mọ̀ mí mọ́ ọn, wọ́n sì máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé mo lójo. Wọn yóò ṣe é, wọn yóò dán an wò, wọn yóò wá bá mi pẹ̀lú ẹ̀rín pé ó ti parí. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí iṣẹ́ rere ni wọ́n ṣe. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń bi wọ́n pé àwọn wo ni ọ̀rọ̀ wọn ti jáde kí a tó dí i, àti pé nínú wa níhìn-ín, ta ni yóò pè wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn máa ń wò mí nígbà náà bí ẹni pé mo yí èdè padà. Mi ò bá wọn jà. Mo kàn máa ń fa àga, mo máa ń gbé fóònù sáàárín wa, mo máa ń dúró.